Ẹni Tí Àjọ Kàn

“Àǹtí Wùmí, ẹ dì mọ́ mi dáadáa o. Ìrì ti mú kí ilẹ̀ máa yọ̀.”

Ìbíwùmí so ọwọ́ pọ̀ lọ́rùn Fọláwẹ̀, ó sì gbé àgbọ̀n lé èjìká rẹ̀. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ lórí òkè tó wà lẹ́yìn Ẹ̀fọ̀n. Ìkùukùu bo ibùdó àwọn sárésáré débi pé òrùlé ilé ìdáná nìkan ló yọ jáde, bí ẹ̀yìn ẹja nínú odò. Obìnrin tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún ni Ìbíwùmí. Kò ṣàìsàn, kò yarọ, síbẹ̀ wọ́n pọ̀n ọ́n bí ọmọ ọwọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pọ̀n ọ́n, ìtìjú mú un débi tó fi fi ìborùn bo ojú. Báyìí, ó ti rẹ ìtìjú náà, ó ti lọ sùn.

Káyẹjọ́, sárésáré bíi tiwọn, jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá tirẹ̀, ó ń run orín.

“Ẹ kú ìpọ̀nmọ o, ìyá ìkókó!” ó kígbe sí Fọláwẹ̀. “Ṣé o ti fún un lọ́mú láàárọ̀ yìí?”

“Káyẹjọ́, dákẹ́ ẹnu rẹ,” Ìbíwùmí dá a lóhùn láìla ojú. “Ìwọ tí ikùn rẹ ti ń ṣáájú rẹ dé ibi tó o bá ń lọ.”

“Ta ló fà á? Ṣebí ibùsọ̀ tí ǹ bá fi yọ ikùn náà dànù ló wà lẹ́sẹ̀ yín yẹn. Ẹ bá mi fi sáré ire o, Àǹtí. Ẹ má fi ibùsọ̀ mi ṣeré.”

Fọláwẹ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì gbọn Ìbíwùmí lẹ́yìn rẹ̀.

Òótọ́ ni Káyẹjọ́ sọ. Ọgbọ̀n ibùsọ̀, ìyẹn ọgbọ̀n máìlì, ni òfin gbà fún sárésáré kan lọ́sẹ̀. Ṣaworo irin tí wọ́n so mọ́ kálukú lọ́rùn ẹsẹ̀ ló ń kà á, kò sì mọ ẹni tó ń sáré yàtọ̀ sí ẹni tó ń lọ ilé ìyàgbẹ́. Ta ni ọgbọ̀n ibùsọ̀ lè mú dé ibi kankan? Ṣùgbọ́n òfin kan náà gbà kí ènìyàn fi ibùsọ̀ rẹ̀ ta ẹlòmíì lọ́rẹ, kí ṣaworo tirẹ̀ sì dákẹ́. Ìyẹn ni Kóòṣì Àjàgbé rí tó fi kó sárésáré mẹ́jọ jọ, tó ní kí wọ́n máa dá ibùsọ̀ jọ bí àwọn ìyá òun ti ń dá owó. Ẹni kan ní ń kó àjọ náà lọ́dún. Ẹni tí àjọ bá kàn, wọn kì í jẹ́ kó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ àfi lórí pápá, kí ìrìn lásán má baà jẹ ibùsọ̀ gbogbo ilé mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ẹni tí yóò kó tẹ̀lé e ní ń pọ̀n ọ́n.

Ọdún méje ni Ìbíwùmí fi dá. Ọdún yìí ló kó.

Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà pápá. Pátákó dúdú gbọọrọ kan ló wà nílẹ̀ níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò lè yà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Elétí ni wọ́n ń pè é. Ìgbìmọ̀ Àbò Egungun ló tẹ́ ẹ síbẹ̀, bí wọ́n ti tẹ́ irú rẹ̀ sẹ́nu gbogbo pápá tó wà nílẹ̀ yìí, kí ó máa tẹ́tí sí ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá láàárọ̀ kùtù kí ara wọn tó gbóná. Egungun tó ń dunni lè purọ́ lórí eré, ṣùgbọ́n kò lè purọ́ nínú ìrìn àárọ̀. Fọláwẹ̀ gbé ẹsẹ̀ lé e.

“Fọláwẹ̀ Àjíbóyè,” Elétí sọ lóhùn rẹ̀ tí kò ga tí kò sílẹ̀, “egungun rẹ yè kooro. Ẹrù ẹ̀yìn rẹ wúwo. Má gbé e jìnnà.”

“Ó bú yín, Àǹtí.”

“Ó bú ìwọ náà. Ó ní alábàárù ni ẹ́.”

Fọláwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí ilẹ̀ pupa. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kọ́kọ́ balẹ̀. Nígbà tí òsì balẹ̀, nǹkan kan ta Ìbíwùmí lójúgun, ṣín-ún, bí ìgbà tí èèrà kan ṣoṣo bá ge ènìyàn jẹ lábẹ́ aṣọ. Ó tẹ̀ba, ó ń díbọ́n pé òun ń tún okùn bàtà so. Lẹ́yìn náà ó ki eré mọ́lẹ̀. Kí ó tó yí pápá po lẹ́ẹ̀kejì, ara ti gbóná, èèrà sì ti panu mọ́. Bó ṣe ń ṣe láti ọjọ́ mélòó kan nìyẹn.

Eré wá wọ̀ ọ́. Ohun tí àwọn tó ṣòfin náà ò mọ̀ nìyí. Ní oṣù tó kọ́kọ́ kó àjọ, ara rẹ̀ wúwo bí ẹni tó ru àgbá omi. Ní oṣù kejì, ebi ń pa á lórí oúnjẹ, ó ń jẹ iyán, ó ń ronú iyán. Lẹ́yìn ìyẹn ni nǹkan kan ṣí nínú rẹ̀. Òkè tó máa ń gba èémí lẹ́nu rẹ̀ wá tẹ́ bí ẹní. Ọkàn rẹ̀ ń lù jẹ́jẹ́ bíi ti ẹni tó jókòó. Ó máa ń sáré títí tí kì í fi í mọ ibi tí ẹsẹ̀ òun parí sí tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí bí ọgbọ̀n ibùsọ̀ ṣe lè fi irú èyí han ènìyàn, kódà kó fi ọgọ́rùn-ún ọdún sá a. Eré Odi Òkun sì ku oṣù kan ààbọ̀, eré tí wọ́n máa ń sá lórí ògiri gìrìwò tí kò jẹ́ kí òkun gbé Èkó mì. Ẹni tó bá gba ipò kìíní níbẹ̀, wọ́n á bọ́ ṣaworo lẹ́sẹ̀ rẹ̀ títí láé. Á máa sáré bó ṣe wù ú, dé ibi tó wù ú. Kò tún ní sí ẹ̀dá tàbí ẹ̀rọ tí yóò ka ìṣísẹ̀ fún un mọ́.

Ṣùgbọ́n ó rẹ̀ ẹ́. Àárẹ̀ náà ti kúrò lára, ó ti wọ inú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Á bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, á sì gbàgbé ibi tó ń gbé e lọ. Bó bá sùn, eré ló ń sá lójú àlá, á sì jí pẹ̀lú ìtìjú bí ẹni tó jí ibùsọ̀ jẹ.

*

Lọ́sàn-án, ó jókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì nínú omi tútù. Fọláwẹ̀ wá, ó kúnlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé itan ara rẹ̀, ó ń fi aṣọ nù ún.

“Àǹtí, mo fẹ́ sọ nǹkan kan. Ẹ má bínú.”

“Bó o ti ní kí n má bínú yẹn, o ti mọ̀ pé màá bínú.”

“Ẹsẹ̀ òsì yín gbóná.”

“Eré ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sá.”

“Kì í ṣe lẹ́yìn eré. Láàárọ̀ ni, tí mo bá pọ̀n yín, tí mo fi apá ká ẹsẹ̀ yín mọ́ra. Ọ̀tún á tutù bí ìkòkò omi. Òsì á gbóná bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kúrò lórí iná. Mo kọ́kọ́ rò pé ara mi ló gbóná. Mo ti wá ń pààrọ̀ apá láti fi mọ̀. Òsì yín ni.”

Ìbíwùmí fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

“Fọláwẹ̀, ta ni àjọ kàn lẹ́yìn mi?”

Fọláwẹ̀ fún omi inú aṣọ náà dànù.

“Mo bi ẹ́ léèrè. Tí mo bá jókòó lónìí, ta ni ibùsọ̀ tó kù á bọ́ sí lẹ́sẹ̀?”

“Èmi ni.”

“Ó dáa. Ó ti yé mi.”

Ojú Fọláwẹ̀ yí padà. Ó ká aṣọ tó fi ń nu ẹsẹ̀ náà, ó ká a síwájú, ó ká a sẹ́yìn, títí tó fi kéré bí ẹ̀kọ tí wọ́n pọ́n sínú ewé.

“Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mí lórí òkè,” ó wí. “Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, ẹ ní kí n má wo ẹsẹ̀ ẹni tó wà níwájú, kí n wo èjìká rẹ̀. Mo ṣì ń wo èjìká yín, Àǹtí. Bó bá jẹ́ pé ibùsọ̀ yín ni mo fẹ́, ṣé ẹnu mi ni ǹ bá fi gbà á? Ǹ bá dákẹ́ ni. Á ṣẹ́ fúnra rẹ̀.”

Ó gbé aṣọ náà sílẹ̀, ó sì lọ.

Ìbíwùmí wo omi inú ọpọ́n títí ó fi dúró jẹ́ẹ́. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn dùn ún nítorí pé ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó pàdánù àjọ, ẹ̀yìn gbogbo wọn ló ń lọ. Kí ó tó tún kàn án, á ti lé ní ogójì ọdún. Ta ló ń fi ogójì ọdún borí lórí Odi Òkun? Kò sì sí ẹlòmíì tó rí nǹkan kan. Láti ìgbà tó ti kó àjọ, kò tíì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ Elétí rí, ẹ̀yìn ni wọ́n ń fi gbé e kọjá. Kò sẹ́ni tó gbèrò láti fi tan òfin jẹ. Ìrìn lásán ni wọ́n ń ṣọ́, wọn ò rántí pé ìrìn lásán náà ló ń sọ òótọ́. Òun alára ò mọ̀ bóyá òun ń tiro, nítorí pé kò rìn.

*

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tó gbọ́ ìró ọ̀pá méjì lórí sìmẹ́ǹtì. Kóòṣì Àjàgbé ni. Ìbàdí rẹ̀ ọ̀tún ti kú láti ìgbà èwe rẹ̀, nígbà tí kò tíì sí òfin, tí ọ̀dọ́ ń sáré tí egungun wọn ń ṣẹ́ bí igi gbígbẹ lábẹ́ ẹsẹ̀ màlúù. Ó jókòó sórí àga pẹ̀lú ìkérora, ó na ẹsẹ̀ tí kì í ká náà síwájú.

“Fọláwẹ̀ ò jẹun,” ó wí. “Kí lo fi ṣe é?”

“Àárẹ̀ ló sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, sà.”

“Bẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń pọnni, a kì í bú u. Ó lè sọni nù sí kòtò.”

Ó rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ìbíwùmí ò rẹ́rìn-ín.

“Kóòṣì, nígbà tiyín, tí ẹ ń sá gbogbo ibùsọ̀ yẹn, kí lẹ rí níbẹ̀?”

Bàbá náà fi ọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. “Ọ̀sán kan ni mo rí,” ó wí. “Ọ̀sán kan péré. Wọ́n pọ̀ lẹ́yìn mi. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn, gìrì gìrì. Lẹ́yìn náà ó ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀, títí tí n kò fi gbọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ àfi ara mi. Ìbíwùmí, n kò rò pé ẹni tí kò bá tíì gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn mọ ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.”

“Ṣé ó tó ẹsẹ̀ tí ẹ fi rà á?”

“Ìdáhùn rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Tí mo bá jí láàárọ̀, tí mo ń wá ọ̀pá lábẹ́ ibùsùn, kò tó. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ tí mo rí yín lórí pápá, á tún tó. Ohun kan wà tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ìbàdí yìí tó ṣẹ́, mo ti mọ̀. Ó rẹ̀ mí débi pé mo ń gbàdúrà kó yára ṣẹ́. Mo ní tó bá ṣẹ́, kò ní jẹ́ pé èmi ni mo fi eré sílẹ̀.”

Àdúrà Ìbíwùmí alára nìyẹn, tó ti ń gbà á láràárọ̀ tó bá tẹ̀ba láti tún okùn bàtà tí kò tú so.

“Kí ló dé tó o fi ń bi mí?” Bàbá náà ń wò ó. “Ṣé nǹkan ń ṣe ẹ́ ni?”

“Ó kàn rẹ̀ mí ni, sà.”

“Ó gbọ́dọ̀ rẹ̀ ẹ́. Bí kò bá rẹ̀ ẹ́, a ò tíì ṣe nǹkan kan.” Ó gbá ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì mú, ó dìde. “Àárẹ̀ ni bíríkì wa. Òun la fi ń kọ́lé.”

Ìbíwùmí ń gbọ́ ọ̀pá rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Àárẹ̀ kan ń kọ́lé, àárẹ̀ kan ń wó o, ojú kan náà làwọn méjèèjì sì ní. Báwo lèèyàn ṣe ń dá wọn mọ̀?

*

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Fọláwẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò kí i ju ẹ kú àárọ̀ lọ. Ó yí ẹ̀yìn padà, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ sẹ́yìn kó lè gbà á.

“Ẹ máa bọ̀, Àǹtí.”

“O ṣì fẹ́ pọ̀n mí?”

“Iṣẹ́ mi ni. Mo ti sọ tèmi lánàá, n kò ní sọ ọ́ fún Kóòṣì, n kò sì ní tún un sọ. Tí ẹ bá gun ẹ̀yìn mi, màá gbé yín kọjá.”

“Tó bá ṣẹ́ ńkọ́?”

“Àwa méjèèjì la ó jọ gbọ́ ọ.”

Ìbíwùmí dúró ti ẹ̀yìn tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún un náà. Ẹ̀yìn kékeré ni, eegun rẹ̀ yọ lábẹ́ aṣọ. Ó ronú ọdún méje. Ó ronú òkè tó tẹ́ bí ẹní. Ó ní kí inú bí òun, kí òun lè rí agbára gun ẹ̀yìn náà, ṣùgbọ́n kò rí ìbínú kankan lára rẹ̀, kò rí ìgboyà náà. Ohun kan ṣoṣo tó rí ni pé òun ò fẹ́ kí egungun bá òun sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹnu òun sọ.

“Dìde,” ó wí.

“Àǹtí?”

“Mo ní kó o dìde. Yà fún mi.”

Ó gbé ẹsẹ̀ lé ilẹ̀ tútù. Ṣaworo dún lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ìró kékeré kan fún ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní ìṣísẹ̀ kẹta, ó mọ̀ pé òun ń tiro. Ó yà á lẹ́nu bó ṣe pọ̀ tó.

“Ẹ gbà mí o!” Káyẹjọ́ kígbe látẹnu ọ̀nà rẹ̀. “Ta ló ń fi ibùsọ̀ wa najú kiri láàárọ̀? Fọláwẹ̀, ṣé ẹ̀yìn ń dùn ẹ́ ni?” Ó rí ìrìn náà. Orín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. “Háà. Àǹtí.”

Àwọn tó kù ti ń jáde. Ìbíwùmí gun Elétí, ó sì rìn ín dé ìdajì.

“Ìbíwùmí Fámúyìwá, dúró. Egungun ojúgun rẹ òsì ti ń sán. Má sáré. Má rìn. Kẹ̀kẹ́ ilé ìwòsàn ń bọ̀.”

Àánú ò sí nínú ohùn náà, ẹ̀gàn ò sì sí níbẹ̀. Ilẹ̀kùn pápá pa ara rẹ̀ dé. Ṣaworo ẹsẹ̀ Ìbíwùmí dún gbọọrọ, ó dákẹ́. Ti Fọláwẹ̀ gba ohùn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Bí àjọ ṣe kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan nìyẹn.

Kóòṣì Àjàgbé dúró lórí ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì.

“Ọ̀rọ̀ yìí lò ń bá mi sọ lánàá,” ó wí fún Ìbíwùmí. “N kò gbọ́ ọ.” Ó wo Elétí. “Èmi ni mo ní kí wọ́n máa pọ̀n yín. Ọgbọ́n ni mo pè é.”

Káyẹjọ́ ló mọ ohun tí àṣà wí. Òun ni àjọ kàn tẹ̀lé Fọláwẹ̀. Ó fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó wá bẹ̀rẹ̀ níwájú ọmọbìnrin náà. “Ó dáa, ìyàwó tuntun. Gùn mí. Rọra o, tèmi ò lágbára tó tìẹ.”

“Mi ò gun ẹnikẹ́ni,” Fọláwẹ̀ wí.

“Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?”

“Ẹsẹ̀ mi ni màá máa fi rìn kọjá níbí. Kó máa gbọ́ mi láràárọ̀.”

“Ibùsọ̀ tí ìrìn á jẹ ńkọ́? Àwa la dá a!”

“Kó jẹ ẹ́.”

Gbogbo wọn wo Kóòṣì. Bàbá náà yí ọ̀pá rẹ̀, ó yà kúrò lójú ọ̀nà fún ọmọbìnrin náà.

Ìbíwùmí ti jókòó sílẹ̀ létí pátákó náà, ẹsẹ̀ òsì nà síwájú. Fọláwẹ̀ padà sínú ilé, ó mú aṣọ òtútù wá, ó fi bò ó léjìká. Ó tún padà, ó lọ bu ẹ̀kọ gbígbóná nílé ìdáná. Lójú ọ̀nà àlọ àti àbọ̀, ṣaworo ń dún, ń dún. Ìró kọ̀ọ̀kan ń gún Ìbíwùmí, nítorí pé ó mọ ibùsọ̀ tí ìró náà ń ná, ó mọ iye tó jẹ́.

“Jókòó,” ó wí nígbà tí Fọláwẹ̀ tún fẹ́ lọ mú ṣíbí. “Ò ń fi ibùsọ̀ ṣòfò.”

Fọláwẹ̀ dúró. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú.

“Ibùsọ̀ ta ni, Àǹtí?”

Ìdáhùn náà ti dé orí ahọ́n Ìbíwùmí, ìdáhùn ọdún méje. Ó gbé e mì. Ó wo òkè níwájú rẹ̀, níbi tí oòrùn ti ń ká ìkùukùu kúrò.

“Tìẹ ni,” ó wí.

Ìgbà tó sọ ọ́ tán ni omijé tó dé. Fọláwẹ̀ gbé ẹ̀kọ náà lé e lọ́wọ́, ó sì lọ mú ṣíbí.